Kí Ló Ṣe Odò Tó Fi Wọ́?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akọ̀wé, olùkọ́ èdè àti olóòtú ìròyìn

Àwọn tó ránṣẹ́ pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe ohun tó rí bí ejò nínú gbólóhùn. Wọ́n ní kí n mú ọ̀nà, kí n mú odò, kí n mú ìtàkùn, kí n sì mú ìlà àwọn tó ń dúró de epo bẹntiróòlù mọ́ ọn. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo rí i pé ohun tó gún ló rọrùn láti sọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ohun tí kò gún ní láti kọ́kọ́ mọ èrò ara rẹ̀ nípa nǹkan ọ̀hún.

Ibi tí ojú ti tì mí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n kọ ìwé pélébé kan fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ẹ mọ igbó náà. Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Odò Ọ̀ṣun gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń yà síhìn-ín, ó ń yà sọ́hùn-ún lábẹ́ igi. Gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà nìyí: "Odò Ọ̀ṣun jẹ́ odò wíwọ́ tó gba inú igbó kọjá." Inú mi dùn sí i. Mo mú un lọ bá ìyá àgbà kan tó ń ta obì nítòsí ibẹ̀, mo kà á sí i létí. Ìyá gbé àwo obì sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, kí ló ṣe odò tó fi wọ́?"

Mo ní, "Màmá, kò sí ohun tó ṣe é o. Bó ṣe rí ni mo ń sọ."

Ó ní, "Ohun tí kò sí ohun tó ṣe é kì í wọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni kókó ohun tí mo bá wá lónìí. Nínú èdè wa, ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò gún ti dá ẹjọ́ nǹkan náà. Bí akọ̀wé kò bá mọ̀ pé adájọ́ lòun, aláìṣẹ̀ ni yóò máa dá lẹ́bi.

Wọ́ ń fẹ̀sùn kan ni

Ẹ jẹ́ ká yẹ wọ́ wò. Ohùn òkè ni. Ìtumọ̀ méjì ló ní tí wọ́n jọ ń gbé. Èkíní ni ti ohun tó ń fa ara rẹ̀ nílẹ̀. Ejò ń wọ́. Agbádá tó gùn ju olówó rẹ̀ lọ ń wọ́ nílẹ̀. Inú ìtumọ̀ yìí ni fàyàwọ́ ti jáde, iṣẹ́ àwọn tó ń kó ẹrù gba ẹ̀yìn aṣọ́bodè ní Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò. Ẹ tú u, ẹ ó rí i: fi àyà wọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í fi àyà wọ́ kọjá ẹnubodè, ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń rìn.

Ìtumọ̀ kejì ni ti ohun tó yẹ kó gún tí kò gún. Ògiri wọ́. Ìlà tí ọmọ kíláàsì kìíní fà láìlo rúlà wọ́. Ẹ kíyè sí "yẹ" tí mo sọ yẹn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́ kò dá rìn rí, ọ̀pá ìwọ̀n ló máa ń mú dání. A ti ní bó ṣe yẹ kí nǹkan rí lọ́kàn kí a tó sọ pé ó wọ́. Ṣebí ohun tí àwọn èèyàn ṣe fún amúkùn-ún nìyẹn? Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Wọ́n dá ẹrù lẹ́jọ́, ó sì pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Wọ́rọ́kọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Ẹ wo igi náà nídìí àdògán. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú igbó tó wà. Ìgbà tí wọ́n kì í mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò bá wọn jókòó pọ̀, tí afẹ́fẹ́ ò gba ibi tó yẹ kó gbà, tí ìkòkò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìgbà náà ló di ọ̀daràn. Nítorí náà, bí mo bá kọ "odò wọ́rọ́kọ́," mo ti sọ pé odò náà ń da nǹkan rú. Kí ló dà rú?

Ẹ tún wo ẹni tó dúró lódìkejì. Tọ́ ni. Òtítọ́ àti ẹ̀tọ́ ń gbé àdúgbò rẹ̀, ìtọ́sọ́nà ò sì jìnnà síbẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì mọ èyí dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé ìwé Aísáyà orí 40, níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ọ̀nà mọ́ fún Olúwa, wíwọ́ àti títọ́ ni wọ́n fi kojú ara wọn. Ibi tó yẹ kí wíwọ́ jókòó sí nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ ìwà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀nà níbẹ̀.

Lọ́ ń wá ohun tó fà á

Lọ́ kì í fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Agbára ló ń tọ́ka sí. Alágbàfọ̀ gbá aṣọ mú ní orí méjèèjì, ó yí ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó yí èkejì sósì, aṣọ náà lọ́, omi ń ro sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe okùn ń lọ́ ọ. Ìtàkùn lọ́ mọ́ igi torí ó ń wá oòrùn, kò sì ní egungun tí yóò fi dá dúró. Níbi tí ẹ bá ti rí lọ́, ẹ wá ohun tó ń fa nǹkan náà sí méjì.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń lọ́jú pọ̀, bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. A kò ní ọ̀rọ̀ náà burú, ohun tí à ń sọ ni pé orí rẹ̀ pọ̀, a kò sì tíì mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ fà. Ìdí nìyẹn náà tí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò wù ú fi ń lọ́ tìkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ọkàn rẹ̀ ń bọ̀ wálé.

Odò pẹ̀lú, agbára ló ń yí i. Níbi tí odò bá ti yà díẹ̀, omi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde máa ń sáré ju ti inú lọ. Eléyìí tó ń sáré ń jẹ etí odò, ó ń bu yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀. Eléyìí tó ń fẹsẹ̀ palẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ń sọ yanrìn sílẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, yíyà kékeré á di ńlá, ẹ̀gbẹ́ kan á jìn, èkejì á di etí odò oníyanrìn tí àwọn ọmọ ti ń wẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, iṣẹ́ omi ni. Odò kan wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pè ní Maiandros. Ó yà lọ yà bọ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù ń lò fún gbogbo odò tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Odò ló fún wọn ní ọ̀rọ̀, wọn ò rán an lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn aládùúgbò lọ́ kò ṣeé fojú fò. Ọ̀nà ń yà. Òṣùmàrè tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ejò tó ń sùn ká jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ pé òṣùmàrè wọ́, ẹ mọ̀ pé ẹ ti bu òrìṣà kan kù. Ní Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl, níbi tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà náà dé, ejò àti òṣùmàrè ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n di òní, wọ́n sì ń júbà ìtẹ̀ rẹ̀.

Ohùn tó ń ya àwòrán

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa ní nínú ọkàn wọn pé, "Kọ́lọkọ̀lọ ńkọ́?" Mo ti fẹ́ dé bẹ̀.

Ní 1852 ni ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe jáde. O. E. Vidal, tí wọ́n ti yàn láti jẹ bíṣọ́ọ̀bù Sierra Leone, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Lára ohun tí òyìnbó náà ṣàkíyèsí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe wa ló ní àpọ́nlé tirẹ̀ tí kò ṣeé yá ẹlòmíì. Òótọ́ ni. Nǹkan ń ga fíofío, ó ń pupa fòò, ó ń jìnnà réré. Ẹni tó bá ní ilé náà ga fòò, a ó béèrè ibi tó ti kọ́ Yorùbá.

Kọ́lọkọ̀lọ jẹ́ ọ̀kan lára irú àwọn àpọ́nlé bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é díẹ̀díẹ̀: kọ́, lọ, kọ̀, lọ. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín. Ẹ fi ìka tọ ohùn náà lẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún fẹ́ gòkè. Ìka yín ti ya ejò! Onídùndún tí kò la ẹnu rárá lè fi awọ ìlù sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, ohùn nìkan ti tó. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe tún lè fara jọ ohun tó ń sọ tó báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ẹbí rẹ̀ kí a tó gbé e níyàwó. Ta ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ní irú ohùn kan náà? Wúruwùru. Jágajàga. Kátikàti. Rádaràda. Játijàti. Ẹ ò rí ẹbí! Kò sí ẹni tó létò nínú wọn. Ohùn òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín yìí ni èdè wa fi ń ṣe ohun tí kò ní ìlànà. Kọ́lọkọ̀lọ ni ọmọ tó lẹ́wà jù nínú ilé náà, síbẹ̀ ọmọ ilé náà ni. Nítorí náà, ẹ lò ó níbi tí ojú kò ti rí ètò. Ẹ lò ó fún ọ̀nà àárín agbo ilé ní Ìbàdàn àtijọ́, lẹ́yìn Ọjà-Ọba, níbi tí ọ̀nà ti ń gba ibi tí ilé bá fi sílẹ̀ fún un, tí àlejò ti ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kó tó jáde. Ẹ lò ó fún ẹsẹ̀ ẹni tó mutí yó. Ẹ má lò ó fún aṣọ òfì tí ahunṣọ fi ọgbọ́n yí òwú inú rẹ̀, torí ó lè bi yín pé èwo ni àìlétò nínú iṣẹ́ òun.

Ẹ̀yin olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ fi àmì sí i. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tí gbogbo ohùn rẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀, ni ẹranko tó ń gbé adìyẹ. Mo ti ka ìròyìn kan tó ní àwọn arìnrìn-àjò há sí "ọ̀nà kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀." Mo wá a títí, n kò rí adìyẹ kankan nínú ìròyìn náà.

Ejò wo?

Ọ̀pọ̀ wa, bí ọ̀rọ̀ bá ti há, "bí ejò" la máa ń sá lọ bá. Ọ̀nà náà lọ́ bí ejò. Ìlà epo bẹntiróòlù gùn bí ejò. N kò ní kí ẹ má lò ó. Mo kàn fẹ́ béèrè pé, ejò wo?

Ejò tín-ínrín tó ń sáré nínú koríko ń lọ́ lóòótọ́. Ó ń fi ìhà rẹ̀ ti òkúta, ó ń fi ti gbòǹgbò, ibi tó bá tì í náà ló ń tì í lọ síwájú. Ẹ gbé e sórí gíláàsì tó ń dán, tí kò sí ohun tó lè fi ìhà tì, yóò kàn máa gbọn ara lásán ni. Ọká yàtọ̀, erè tó ti tóbi náà yàtọ̀. Bí wọn kò bá kánjú, tààrà ni wọ́n ń lọ. Ẹran abẹ́ ikùn wọn ló ń gbé ìpẹ́ sókè, tó ń sún un síwájú, tó tún ń gbé e kalẹ̀, tí ara wọn yóò sì máa lọ gbọọrọ bí ọkọ̀ ojú irin. Ọdẹ tó bá gbọ́ pé "ó lọ́ bí ejò" lè bi yín pé ejò tó ń sá ni àbí èyí tó ń ṣọdẹ.

Ejò tún gbé ẹrù míì wọ inú gbólóhùn. Bí a bá ní ejò lọ́wọ́ nínú, gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ wà láàárín wa. Nítorí náà, bí akọ̀ròyìn bá kọ pé àdéhùn tí ìjọba ṣe "ń lọ́ bí ejò," bóyá ó kàn fẹ́ sọ pé ó gùn ni, àwọn òǹkàwé ti gbọ́ pé wọ́n ń jalè. Ẹ lò ó bó bá jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ejò sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ adágún odò kan ní Hyde Park. Caroline, ìyàwó Ọba George Kejì, ló ní kí wọ́n sé odò Westbourne láti fi ṣe é ní 1730, orúkọ tí wọ́n sì fún un nínú èdè wọn wá láti ara ejò nítorí pé ó tẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ sí "Adágún Ejò," ta ni nínú àwọn òǹkàwé yín ní Òṣogbo tí yóò jẹ́ kí ọmọ òun lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀? Nínú èdè tiwọn, ejò ti kú nínú orúkọ náà, kìkì bó ṣe tẹ̀ ló kù. Nínú tiwa, ejò ṣì wà láàyè, ó sì ní eyín.

Ọ̀nà Ẹfọ̀n

Ẹ bá mi wọ mọ́tò lọ sí Ẹfọ̀n-Aláayè láti ìhà Ìjẹ̀ṣà. Òkè ni ìlú náà jókòó sí. Ọ̀nà náà ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, òkúta ń dúró lápá kan, àfonífojì ń yanu lápá kejì. Èrò ọkọ̀ kan lẹ́yìn mi ní, "Irú ọ̀nà wíwọ́ wo rèé!" Dẹ́rẹ́bà kò wẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà yìí ò wọ́ o. Òkè ló ń pọ́n."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá la ọ̀nà náà tààrà gun òkè, yóò kúrú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbé iṣu kò ní lè gùn ún, èyí tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì rẹ̀ kò ní mú un. Ẹni tó la ọ̀nà fi ìjìnnà ra ìrọ̀rùn. Ọ̀nà kan náà ni o, àjò kan náà. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tí inú ń rú pè é ní wíwọ́. Ẹni tó ń wà á pè é ní pípọ́n. Kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀, ẹ mọ àga tí ẹ jókòó sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń jókòó sí

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tiyín ti kàn wàyí. Àwọn onímọ̀ gírámà ti jiyàn pẹ́ lórí bóyá a ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí tó dá dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, nínú ìwé gírámà rẹ̀ tó jáde ní 1978, ka irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀yán. N kò wá parí ìjà yẹn. Ohun tí akọ̀wé gbọ́dọ̀ mú níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Wọ́ ló bí wíwọ́, lọ́ ló bí lílọ́.

Nítorí náà, ìjókòó mẹ́ta ló wà. "Ọ̀nà náà wọ́": ọ̀rọ̀ ìṣe ni, ìròyìn ni, ó lè jẹ́ pé òní ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ọ̀nà wíwọ́": ẹ̀yán ni, ó ti di orúkọ tí a ń pè é, kò sì ní bọ́ lára rẹ̀ mọ́. "Ọ̀nà náà ń lọ kọ́lọkọ̀lọ": àpọ́nlé ni, ojú ń wò ó bó ṣe ń lọ. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ dúró sórí ọ̀rọ̀ ìṣe, torí ibẹ̀ ni èdè wa ti lágbára jù. Ẹ má sì to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. "Ọ̀nà wíwọ́ tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò" kò ṣàpèjúwe ọ̀nà kankan, akọ̀wé tí kò rí ọ̀kan mú ló ń júwe.

Alága, mo ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn tí mo bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá olóbì yẹn bi mí ní ìbéèrè, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kí wá ni kí n kọ?" Ó nawọ́ sí ibi tí odò wà, ó ní, "Ṣé o ò rí i ni? Yèyé ń yí ilé rẹ̀ ká ni." Mo padà sílé, mo fa igi lé gbólóhùn mi, mo kọ òmíràn: "Ọ̀ṣun ń rọra yí igbó rẹ̀ ká kó tó jáde." Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ kà á sí i létí.

Ìyá ń to obì sínú àwo, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó ti gún wàyí."